Agogo Mànàmáná Ọkọ Mi

Ọdún kejì tí a ṣègbéyàwó ni ọkọ mi gbé wáyà tí mo fi ń sáṣọ lọ sórí òrùlé. Èmi ni mo tọrọ wáyà yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń tún òpó tẹlifóònù ṣe lójú ọ̀nà Lọ́kọ́ja, èmi náà ni mo nà án láti ara òpó ilé ìdáná dé ara igi ìbẹ́pẹ. Mo ti ilé ìwé dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, mo bá gbogbo aṣọ tí mo fọ̀ láàárọ̀ lórí àpótí, wọ́n ṣì ń ro omi. Ọkọ mi wà lókè páànù, ó ká ṣòkòtò dé orúnkún, ó ń so wáyà mi mọ́ ọ̀pá oparun gíga kan.

"Níbo ni kí n wá sá aṣọ sí?" ni mo bi í.

"Sá a sórí koríko. Wáyà yìí ti níṣẹ́ míì."

"Aṣọ funfun tí ẹ máa wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi wà nínú rẹ̀."

"Koríko ò ní pa á lára." Kò tilẹ̀ wo ìsàlẹ̀.

Iṣẹ́ pósọ́fíìsì ni ọkọ mi ń ṣe ní Kábà nígbà náà. Òun ló ń tẹ wáyà fún àwọn ará ìlú tó bá fẹ́ ránṣẹ́ kíákíá sí ọ̀nà jíjìn, bíi pé ẹnì kan kú tàbí pé ẹnì kan bímọ. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé mísọ̀n. Ìwé kan ni ọkọ mi rí kà níbi iṣẹ́, ìwé tí ó ti gbó tí kò sì ní ẹ̀yìn mọ́, inú rẹ̀ ló ti rí i pé ènìyàn lè fi ohun tó wà nílé ṣe ẹ̀rọ tó ń gbọ́ mànàmáná.

Mo mọ bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́, torí ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi tó ìgbà ogún, pàápàá nígbà tí ọwọ́ mi bá dí. Ó gba ìgò abẹ́rẹ́ tó ti ṣófo lọ́wọ́ àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn, ó sì lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ láti kó lẹ́búlẹ́bú irin tí fáìlì tí wọ́n fi ń pọ́n ọ̀bẹ ti họ sílẹ̀. Ó da irin náà sínú ìgò, ó ki wáyà bọ̀ ọ́ ní ìdí àti ní ẹnu. Bátìrì wà ní apá kan, agogo kékeré kan tí wọ́n ti jù nù ní pósọ́fíìsì wà ní apá kejì. Bí mànàmáná bá kọ níbikíbi, wáyà orí òrùlé á gbọ́ ọ, lẹ́búlẹ́bú irin á lẹ̀ mọ́ra wọn, agbára bátìrì á rọ́nà gbà, agogo á dún. Òòlù agogo náà á sì gbá ìgò, irin á tún tú ká, yóò máa retí èyí tó ń bọ̀.

"Ṣùgbọ́n mànàmáná kì í fara pamọ́," ni mo sọ fún un. "Bó bá kọ, ṣebí ojú la fi ń rí i?"

"Bí oòrùn bá mú ńkọ́? Bó bá wà lẹ́yìn òkè ńkọ́? Bó o bá kọ ẹ̀yìn sí i tó ò ń ro ọkà ńkọ́?"

Mo kọ ẹ̀yìn sí i, mo fìbínú lọ ro ọkà.

Dídún agogo nìkan kọ́ ló ń wá. Ó fẹ́ mọ bí ibi tí mànàmáná ti kọ ṣe jìnnà tó. Ó so òkúta kan mọ́ okùn, ó fi kọ́ sí àtẹ́rígbà yàrá àlejò wa, ó sì wọn okùn náà títí ó fi jẹ́ pé bí òkúta bá fì lọ lẹ́ẹ̀kan, ìṣẹ́jú àáyá kan ló gbà. Tí agogo bá ti dún, kí èèyàn ti òkúta, kí ó máa kà á bó ti ń fì títí àrá á fi sán. Ìfì márùn-ún, máìlì kan. Ìfì mẹ́wàá, máìlì méjì. Orí mi ni òkúta yẹn kọ́kọ́ kà. Ní àràárọ̀ tí mo bá ń sáré lọ sí ilé ìwé ni mo ń forí gbá a.

Ó wá fi rúlà fa ìlà sínú ìwé kan: aago tí agogo dún, iye ìfì, iye máìlì. Nítorí pé pósọ́fíìsì ló ń wà láti àárọ̀, tí ilé ìwé tèmi sì ń tètè jáde, èmi ni akọ̀wé. Kò bi mí bóyá mo fẹ́. Bí mo bá ń gúnyán tí agogo dún, kí n fi ọmọ odó sílẹ̀, kí n sáré ti òkúta. Bí mo bá ní àrá kan sọnù mọ́ mi lọ́wọ́, á máa wò mí bí ẹni pé mo da omi sí ìyẹ̀wù. Bí mo bá sì sọ pé àrá fẹ́ sán lu nǹkan, á ní, "Àrá kì í lu nǹkan. Mànàmáná ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ariwo lásán ni àrá." Lẹ́nu ọ̀sẹ̀ kan, mo lè gbọ́ gbólóhùn yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́fà.

Oṣù kan lẹ́yìn náà ni ìyá ọkọ mi ti Ògìdì dé láti wá lo ìgbà òjò lọ́dọ̀ wa. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni, ohùn rẹ̀ kì í ròkè, ó sì fẹ́ràn àlejò. Ní ọjọ́ tó dé gan-an, agogo dún. Màmá dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà, ó kí àlejò bí wọ́n ṣe ń kí ní Ògìdì, ó ní, "Okun o, ẹ wọlé." Kò sí ẹni tó wọlé. Agogo tún dún, ó tún dìde. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó yíjú sí mi.

"Ìyàwó, irú àlejò wo nìyí tó ń pe onílé tí kò wọlé?"

Mo sọ fún un pé mànàmáná ni, pé ọmọ rẹ̀ ló ṣe ẹ̀rọ kan tó ń gbọ́ ọ. Mo rò pé á bá mi rẹ́rìn-ín ni. Kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ìgò náà pẹ́, lẹ́yìn náà ó wọ yàrá lọ, kò sì jáde títí oúnjẹ fi jinná.

Mo fi ìyẹn sílẹ̀, torí ohun tó ń yọ mí lẹ́nu pọ̀. Iná kékeré tó ń ṣẹ́ lára agogo fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mú ìgò gbọ́ ohun tí kò sí. Ọ̀sán odindi kan ni agogo fi dún láìdákẹ́, tí mo fi gbé ìwé àwọn ọmọ ilé ìwé mi lọ sí ìdí ibú omi láti máa kà níbẹ̀. Ọkọ mi wá bá mi níbẹ̀, ó ní ojútùú rẹ̀ rọrùn, kí a gbé ìgò sínú agolo onírin. Nígbà tí mo padà wọlé, mo rí èlùbọ́ mi tí mo kó pamọ́ de ìgbà ọ̀wọ́n lórí ẹní, òkìtì ńlá, adìẹ méjì ń tú u. Inú agolo èlùbọ́ ni ìgò wà.

"Ó ti dákẹ́," ló sọ fún mi tayọ̀tayọ̀. "Ṣé o gbọ́ bó ṣe dákẹ́?"

Ọ̀ràn awakọ̀ kan ló wá burú jù. Ará Ìyàrá ni, ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, abẹ́ igi àràbà ńlá tó wà láàárín wa ló máa ń gbé mọ́tò akẹ́rù rẹ̀ sí. Iná tó ń ṣẹ́ nínú ẹ́ńjìnnì mọ́tò náà ni agogo wa ń gbọ́. Bó bá ti tan mọ́tò, agogo á bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àkókò kan wà tí mo kọ ọgbọ̀n mànàmáná sílẹ̀ láàárín wákàtí kan tí n kò sì gbọ́ àrá kan ṣoṣo. Inú ọkọ mi dùn bí ẹni tó gba lẹ́tà ìgbéga. Ó ní mànàmáná náà jìnnà ni, pé agbára ẹ̀rọ òun ti kọjá etí ènìyàn. Mo ní mọ́tò ni. Kò jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ yẹn.

Láti ọjọ́ náà ló ti ní kí n máa bẹ awakọ̀ pé kí ó sọ fún wa kó tó tan mọ́tò. Èmi, tísà, ni mo ń sọdá lọ síbẹ̀.

"Tísà, wállàhì, mi ò fẹ́ bá yín jà," ni awakọ̀ sọ fún mi. "Ṣùgbọ́n mọ́tò ni iṣẹ́ mi. Ṣé agogo ni kí n lọ máa gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀?"

Ó tọ̀nà, mo sì mọ̀ pé ó tọ̀nà, síbẹ̀ mo bá a jà. A bá ara wa jà tó bẹ́ẹ̀ tí ìyàwó rẹ̀ kò kí mi lọ́nà omi mọ́. Ọkọ mi ní tirẹ̀ ti ń ṣe ìgò kejì. Èyí ní wáyà kúkúrú, ó sì fi agogo ńlá sí i. Ó ní mànàmáná tó bá wà nítòsí nìkan ni yóò mú èyí dún, kí a lè mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí ti ọ̀nà jíjìn. Mọ́tò sì wà nítòsí. Agogo méjì ló wá ń dún fún mi.

Ọjọ́ tí ó sú mi pátápátá, mo lọ bá Màmá lẹ́yìn ilé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀wà. Mo ní kó bá mi bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀, pé n kò rí oorun ọ̀sán sùn, n kò rí agolo lò, aládùúgbò ti di ọ̀tá mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà lọ. Ó ní:

"Ṣé ó sọ ohun tó pa àbúrò rẹ̀ fún ọ?"

Mo mọ̀ pé àbúrò kan wà tó kú kí n tó wọ ilé wọn. Ibà ni mo rò pé ó pa á.

"Abẹ́ igi ló wà lóko, ó rí òjò lókèèrè, ó ń dúró kí ó kọjá," ni Màmá wí. "Òjò ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá. Àwọn ènìyàn ní ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ó mú nǹkan onínǹkan ni àrá fi dá a yàn. Wọ́n wá inú oko rẹ̀, wọ́n wá inú ahéré, wọn ò rí nǹkan kan. Síbẹ̀ wọn ò yí ọ̀rọ̀ wọn padà. Inú oko níbẹ̀ la sin ín sí. Wọn ò ṣe ìsìn fún un." Ó fẹ́ ìyàngbò kúrò lójú ẹ̀wà. "Ọmọ mi yìí ò sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láti ọjọ́ náà. Gbogbo wíwọ̀n àti kíkọ tó ń ṣe yìí ni ọ̀nà tó ń gbà sọ ọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni n kò fi ráhùn. Ní ọjọ́ kẹrin, ó gbé àwo tánganran mi láti fi da omi bátìrì sí, mo sì tún bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Màmá yí padà lẹ́yìn ọjọ́ ẹ̀wà yẹn. Bí agogo bá dún, kò dìde kí àlejò mọ́. Á lọ ti òkúta, á sì máa ka ìfì rẹ̀. Kò mọ̀ọ́kọ, nítorí náà á sọ iye fún mi, èmi á kọ ọ́.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ọkọ mi ti lọ sí ibi iṣẹ́. Oòrùn mú ganrín-ganrín, mo sì ń fọ aṣọ lẹ́yìn ilé. Agogo kékeré dún. Mo ní n kò ní dìde. Ó tún dún, èyí ńlá sì bá a lọ. Mo sọ aṣọ sílẹ̀, mo jáde lọ bá awakọ̀ pẹ̀lú ọṣẹ lápá.

Obìnrin bíi mẹ́jọ ló jókòó sórí gbòǹgbò àràbà pẹ̀lú ẹrù wọn. Ọjà ni wọ́n ń lọ, mọ́tò ló dá wọn dúró. Ẹsẹ̀ awakọ̀ nìkan ni mo rí, ìyókù rẹ̀ wà lábẹ́ mọ́tò.

"Mo bẹ̀ yín, ẹ pa mọ́tò yìí," ni mo wí.

"Èwo ni mọ́tò?" Ó rá jáde, òróró dúdú wà lójú rẹ̀. "Láti àárọ̀ ni mo ti tú ìdí rẹ̀ sílẹ̀. N kò tan nǹkan kan. Ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ wò ó bóyá ó gbóná."

Mo fọwọ́ kan irin tó bo ẹ́ńjìnnì. Ó tutù. Mo ń nu ọṣẹ lápá kí n tó tọrọ àforíjì. Láti ẹ̀yìn òkè, ní ìhà Bùnù, ohun kan kùn, ó lọ sílẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ń yí àgbá lórí ilẹ̀.

"Ìyàwó," ni Màmá pè láti ẹnu ilẹ̀kùn. "Mọ́kànlá ni."

Agogo tún dún. Ojú rẹ̀ padà sára òkúta. Èyí gba àkókò díẹ̀, àrá náà sì kùn.

"Mẹ́jọ."

Mo wòkè. Oòrùn ṣì wà lórí wa, ṣùgbọ́n orí òkè ti dúdú, ìkùukùu ti ń yọ ní etí rẹ̀. Mo sọ fún àwọn obìnrin náà pé kí wọ́n dìde kúrò lábẹ́ igi, kí wọ́n wá sínú ilé wa. Wọ́n wò mí. Ọ̀kan ní òjò kò tíì ṣú, pé mọ́tò á tó ṣetán. Òmíràn ní ta ni yóò ṣọ́ ẹrù òun. Awakọ̀ ní, "Tísà, ẹ jẹ́ kí n parí iṣẹ́ mi."

"Mẹ́fà," ni Màmá wí. Ó fi òkúta sílẹ̀, ó sì jáde wá. N kò tíì rí i kó rìn báyẹn rí. Ó dé iwájú wọn, ó dúró sínú oòrùn.

"Mo bí ọmọkùnrin kan," ló sọ fún wọn, ohùn rẹ̀ kò ròkè. "Abẹ́ igi ló wà bí ẹ ṣe wà yìí. Òjò ò tíì dé ọ̀dọ̀ tòun náà. Ẹ dìde."

Àgbà tó wà láàárín wọn ló kọ́kọ́ gbé ẹrù rẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Awakọ̀ kùn, ó nu ọwọ́, ó bọ́ sẹ́yìn gbogbo wa. Yàrá àlejò wa kò gba ènìyàn mẹ́jọ tòun tẹrù, ìdí agbọ̀n iṣu kan ń gún mi lẹ́yìn. Màmá di òkúta mú. Agogo méjèèjì dún pọ̀, ó sì tì í. Kò tíì ka ẹyọ kan tí gbogbo yàrá fi funfun, ìró náà sì bá a dé. Nǹkan ta páù nínú agolo èlùbọ́, òórùn irin jíjó kún ilé. Ẹnì kan ń ké. Nígbà tí etí mi là, mo rí i pé awakọ̀ ló ń pe Ọlọ́run.

Òjò ńlá rọ̀ lẹ́yìn náà. Nígbà tó dá, a jáde. Àràbà ti là láti òkè dé ìdí, èèpo rẹ̀ fọ́n dé àgbàlá wa. Pákó ẹ̀yìn mọ́tò jó ní apá kan. Gbòǹgbò tí àwọn obìnrin náà jókòó sí ti dúdú. Kò sí ẹni tó fara pa.

Ẹ ó rò pé wọ́n dúpẹ́. Àwọn obìnrin yẹn dúpẹ́ lóòótọ́, pàápàá lọ́wọ́ Màmá. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú, gbogbo àdúgbò ti ń sọ pé ẹ̀rọ ọkọ mi ló pe àrá wá. Awakọ̀ tí òun náà sá sínú ilé wa wà lára àwọn ọkùnrin mẹ́ta tó wá bá wa, pé kí a gbé wáyà kúrò lórí òrùlé. Ọkọ mi ṣàlàyé fún wọn. Ó ya àwòrán sílẹ̀, ó gbé ìgò tó fọ́ wá, ó ní etí lásán ni ẹ̀rọ náà, kò ní ẹnu láti fi pe ohunkóhun. Wọ́n ń mi orí, wọn kò gbà.

Màmá ló wá ní, "Bí wáyà ló pè é, kí ló ṣe tí kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó pè é?"

Wọ́n wo ara wọn. Awakọ̀ ní ọ̀rọ̀ náà yé òun díẹ̀. Wọ́n lọ.

Mo ti ń yọ̀ nínú ara mi nígbà tí ọkọ mi jókòó, tó ní, "Ká sọ òtítọ́, wọn ò jẹ̀bi tán. Wáyà tó ga bẹ́ẹ̀, tí a kò fa òmíràn láti ara rẹ̀ wọ inú ilẹ̀, léwu. Torí pé àràbà ga jù ú lọ ni ó fi yẹ̀ wá. Mo ti ń rò ó láti oṣù tó kọjá."

"Láti oṣù tó kọjá?"

"Mo fẹ́ kọ́kọ́ parí ojú ìwé tí mo ń kọ."

N kò lè sọ gbogbo ohun tí mo sọ fún un. Mo rán an létí pé abẹ́ wáyà náà ni mo ń sùn, abẹ́ rẹ̀ ni ìyá rẹ̀ ń sùn. Ó gbé àkàbà, ó gun òrùlé lọ, ó sì tú u sílẹ̀ kí n tó dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, bí a ti ń jẹun, Màmá béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé, "Lọ́jọ́ ti àbúrò rẹ, bí ẹnì kan bá wà níbẹ̀ tó ń ka ìfì, ṣé ì bá ti mọ̀ pé kó kúrò?"

Ọkọ mi gbé òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. "Ó ṣeé ṣe, Màmá. Kò dá mi lójú."

"Ṣùgbọ́n àrá kò dá a yàn?"

"Kò yan ẹnì kankan. Abẹ́ igi gíga ló wà."

Màmá ní ó dára. Ó bu ọkà sí i, ó jẹ ẹ́ tán, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ tó ti dé ọ̀dọ̀ wa.

Nígbà tí òjò fẹ́ tán, ó padà sí Ògìdì, ó sì lọ bá àlùfáà wọn tààrà. Ó ní òun fẹ́ kí wọ́n ka orúkọ ọmọ òun ní ṣọ́ọ̀ṣì, kí wọ́n ṣe ìsìn ìrántí tí wọn kò ṣe fún un. Àlùfáà náà kọ́kọ́ fì í síwá sẹ́yìn. Màmá ń lọ bá a lójoojúmọ́ títí ó fi gbà. Àwọn kan láàárín ìjọ kò wá. Méjì nínú àwọn obìnrin tó sá sínú ilé wa wá láti Kábà, wọ́n sì jókòó sí iwájú.

Wọ́n ka orúkọ rẹ̀, orúkọ tí mo ń gbọ́ fún ìgbà àkọ́kọ́ lẹ́yìn ọdún méjì nínú ilé náà. Màmá kò sunkún. Àlùfáà ní kí a tẹrí ba fún àdúrà, mo sì fi igun ojú wo ọkọ mi. Ojú fèrèsé ló ń wò, níbi tí ìkùukùu kékeré kan ti ń yọ lókè oko, ètè rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó ń ka ìfì òkúta. Mo fi ìgunpá gún un nínú ìhà. Ó ta gìrì, ó sì ṣe Àmín sókè nígbà tí àlùfáà kò tíì bẹ̀rẹ̀.